Orí Kẹfà: Jẹ́ Kí Ìbéèrè Lọ Gbé Àkọsílẹ̀ Wá

Ìbejì ni ó gbé orúkọ ìlú Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá kọjá òkun, ṣùgbọ́n òǹkà ni ó jẹ́ kí ayé gbà á gbọ́. Kò sí ibi tí a kì í bí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá, kò sì sí ìlú tí kò lè sọ pé tòun pọ̀. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Percy Nylander, onímọ̀ ìṣègùn aboyún ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó àkọsílẹ̀ ìbímọ Igbó-Ọrà jọ, tí ó sì fi iye ìbejì wé iye ìbímọ, ni ọ̀rọ̀ ẹnu di ìmọ̀. Iye tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, iye náà kò ju nǹkan bí 12 lọ nínú 1,000, lóde òní pàápàá tí ìṣègùn àìrọ́mọbí ti mú kí ó lékún. Ètò ìlera Ìbàràpá, tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní 1963 tí ó sì fi ibùdó rẹ̀ sí Igbó-Ọrà, ti sọ agbègbè yìí di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìlera ìgbèríko, tí wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n bá rí. Nítorí náà, Ìbàràpá ni ó yẹ kí a ti bi ara wa ní ìbéèrè tí orí yìí dá lé: báwo ni ó ṣe yẹ kí àkọsílẹ̀ kúrò nínú fáìlì dé ojú ìwé ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú Google Sheets, tí òṣìṣẹ́ ìlera àti olùwádìí ń lò? Ìdáhùn mi ni pé kí fáìlì náà dúró ní odidi sí ojú kan, kí ojú ìwé ìṣirò máa fi ìbéèrè tí a kọ sílẹ̀ gbé ohun tí ó nílò láti ibẹ̀. Kí a yé fi ọwọ́ dà á kọ.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ àkọsílẹ̀ kan. Ìyá kan bímọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Tápà, ìlú kan ní Ìbàràpá. Agbẹ̀bí kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà ìbímọ: ọjọ́ tí ó bí i, ọjọ́ orí ìyá, iye ọmọ, ìwọ̀n ọmọ. Ní òpin oṣù, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn á ka àwọn ìlà rẹ́jísítà, á sì kọ àròpọ̀ wọn sí fọ́ọ̀mù oṣooṣù. Fọ́ọ̀mù náà á lọ sí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń ṣe, tí Nàìjíríà sì ń lò fún àkọsílẹ̀ ìlera jákèjádò orílẹ̀-èdè. Títí dé ibẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ṣe é tọpa. Ìgbà tí ẹnìkan bá fẹ́ lo àkọsílẹ̀ náà ni wàhálà ń wọlé. Ó lè jẹ́ olùwádìí, ó lè jẹ́ alábòójútó ìlera, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Yóò gba fáìlì CSV, èyí tí í ṣe ìwé lásán tí kọ́mà pín ìlà rẹ̀ sí òpó-òpó. Yóò ṣí i, yóò ṣe àmì sí apá tí ó wù ú, yóò dà á kọ, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tirẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún kan, ẹ̀dà fáìlì kan náà ti di mẹ́wàá, ìyàtọ̀ sì ti wọ àárín wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ èwo nínú wọn ni òótọ́.

Ewu tí ó wà nínú dídà-kọ kò mọ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ yàtọ̀ sí tálákà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, Public Health England, iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó ìlera gbogbogbò ní England nígbà náà, kéde pé ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú òǹkà láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá. Fáìlì CSV tí àwọn ilé àyẹ̀wò fi ránṣẹ́ kò ní àbùkù. Irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n kó o sínú rẹ̀ ni kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìgbà tí ìlà kún, ìyókù já sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì pariwo. Àwọn aláìsàn gba èsì wọn, ṣùgbọ́n a kò tètè wá àwọn tí wọ́n ti fara kàn, ní ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ kan péré lè sọ ẹni tí yóò kó àrùn ran ilé rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, kọ̀wé pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ lọ kì í gbèrú mọ́: wọ́n ní ọrọ̀ ajé irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ń lọ sẹ́yìn pẹ̀lú ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Àwọn olóṣèlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ìwé náà ti ìdínkù owó ìná ìjọba lẹ́yìn. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba fáìlì Excel tí wọ́n fi ṣe ìṣirò náà lọ́wọ́ wọn. Ó rí i pé fọ́múlà tí ó ṣe ìṣirò àárín kò dé ìsàlẹ̀ òpó: orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó ṣẹ́ kù síta. Òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀, Michael Ash àti Robert Pollin, tún ìyẹn ṣe, wọ́n dá àwọn ọdún tí ìwé náà yọ sílẹ̀ padà, wọ́n tún yẹ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ náà gbà wọn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wò, iye náà sì di ìdá 2.2 lókè òdo. Ọdún mẹ́ta ni àṣìṣe yẹn fi jókòó sójú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó rí i, nítorí pé fáìlì náà kò sí níbi tí ẹlòmíràn ti lè ka fọ́múlà rẹ̀.

Ibi tí ìbéèrè ti tayọ nìyí. Ní 1970, Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM, gbé èrò kan kalẹ̀ pé kí a to gbogbo àkọsílẹ̀ sí tábìlì tí ó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tí ó ń wá nǹkan sọ ohun tí ó fẹ́ nìkan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà rí i. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, ṣe èdè tí a ń fi béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Òun ni ó di SQL, tí báńkì, iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti ilé ìwòsàn ń lò títí di òní. Ojú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà gba ọ̀nà mìíràn wá: VisiCalc ti Dan Bricklin àti Bob Frankston jáde ní 1979, Google sì gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2006. Ọ̀nà méjèèjì ti wá pàdé báyìí. Nínú Google Sheets, fọ́múlà kan wà tí ó ń jẹ́ QUERY, èdè rẹ̀ sì jọ SQL. Ká sọ pé a kó fáìlì ìbímọ sí ojú ìwé kan tí a pè ní ibimo: nọ́ńbà ìbímọ kọ̀ọ̀kan wà ní òpó A, orúkọ ìlú wà ní B, iye ọmọ wà ní E. Lórí ojú ìwé mìíràn, a lè kọ:

=QUERY(ibimo!A1:F, "select B, count(A) where E = 2 group by B", 1)

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: mú orúkọ ìlú, ka iye ìbímọ tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ méjì, kí o sì kó wọn jọ ní ìlú-ìlú. Nọ́ńbà 1 tí ó gbẹ̀yìn ń sọ fún ẹ̀rọ pé ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ òpó, kì í ṣe àkọsílẹ̀. Bí ìbímọ tuntun bá wọ ibimo lọ́la, èsì yóò yí padà fúnra rẹ̀. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé alábòójútó tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ fọ́múlà náà lè kà á ní ọdún márùn-ún sí i, kí ó mọ ohun tí a béèrè gan-an, kí ó sì bá wa jiyàn lé e lórí. Bí fáìlì bá ti wá pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé lè gbé lọ, inú dátábéèsì, ètò tí ń fi tábìlì tọ́jú àkọsílẹ̀, bíi SQLite tàbí PostgreSQL, ni kí ó lọ. Ibẹ̀ ni a ó ti béèrè, èsì kékeré nìkan ni yóò sì wá sí ojú ìwé. Google Sheets kò gbà ju àpótí mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, Excel òde òní kò sì gbà ju ìlà 1,048,576 lọ. Ẹni tí ó bá ń béèrè ní orísun kò ní dé ẹnu ààlà wọ̀nyí rárá.

Kíkọ ìbéèrè sílẹ̀ tún ń fipá mú wa láti mọ ohun tí a ń kà, ìbejì Igbó-Ọrà sì ni ẹ̀rí tí ó dára jù. Ká ní a ní ìbímọ 1,000, tí 45 nínú wọn jẹ́ ìbejì. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì bá jẹ́ ìbímọ kan, ìdáhùn ni 45 nínú 1,000. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìlà di 1,045, 90 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìbejì. Ẹni tí ó bá kàn ń ka ìlà yóò sọ pé ọmọ ìbejì tó 86 nínú ọmọ 1,000. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí, ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ tí ìlú kejì fi ìkejì ránṣẹ́, a ó rò pé ìbejì ìlú kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Níbi tí a ti ń fi ọwọ́ dà kọ, ìyàtọ̀ yìí fara sin. Níbi tí ìbéèrè wà, ẹni tí ó bá kọ count ní láti sọ ohun tí ó ń kà, òǹkàwé sì lè rí i pé òpó nọ́ńbà ìbímọ ni, tàbí òpó ọmọ.

Orúkọ ìlú náà tún jẹ́ pàkúté. Ìlú méje ni a mọ̀ ní Ìbàràpá: Ìgàngàn, Èrúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Láńlátẹ̀, tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta pín láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì, Igbó-Ọrà nìkan lè di mẹ́rin: Igbo-Ora, Igbo Ora, Igboora, Igbó-Ọrà. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Group by yóò kà wọ́n sí ìlú mẹ́rin. Ewu mìíràn wà tí ojú kò tilẹ̀ lè rí. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ̀nà tí a lè gbà kọ lẹ́tà ọ ju ẹyọ kan lọ: a lè lo àmì kan ṣoṣo tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ nínú, a sì lè kọ lẹ́tà o kí a tó so àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Méjèèjì jọ ara wọn lójú bí ìbejì, dátábéèsì sì lè máa sọ pé wọn kò dọ́gba. Èyí kò sọ pé kí a bọ́ àmì kúrò lára orúkọ ìlú wa. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a ní tábìlì kékeré kan tí ó fún ìlú àti ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí fáìlì ìbímọ máa lo nọ́ńbà náà, kí orúkọ tí a kọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé wà ní ibi kan ṣoṣo, kí ìbéèrè sì so méjèèjì pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kà á.

Àwọn kan á sọ pé bí ìbéèrè bá tilẹ̀ dára, òun náà lè ṣìnà, àṣìṣe rẹ̀ á sì yára ju ti ọwọ́ lọ. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. QUERY ní òfin kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà: bí òpó kan bá ní nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ pọ̀, irú èyí tí ó pọ̀ jù ni ẹ̀rọ gbà ní òótọ́, ó sì ka ìyókù sí òfìfo. Bí agbẹ̀bí kan bá kọ “méjì” sí òpó tí àwọn yòókù ti kọ 2, ìbejì yẹn pòórá nínú òǹkà láìsí ìkìlọ̀. Excel náà ní tirẹ̀: orúkọ àbùdá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní SEPT1 tẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbìmọ̀ tí ń sọ àbùdá ènìyàn lórúkọ fi yí irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ padà, tí wọ́n sì kéde òfin wọn ní 2020. Nọ́ńbà fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 ń pàdánù òdo iwájú. Ọjọ́ 3/4 lè di oṣù kẹta dípò oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí àtakò yìí wà nínú àtakò náà fúnra rẹ̀. Àṣìṣe ìbéèrè jẹ́ àṣìṣe tí a kọ sílẹ̀. Bí a bá rí i lẹ́ẹ̀kan, a ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo oṣù tí ó ti kọjá yóò sì tọ́ padà, nítorí pé fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà ní odidi. Àṣìṣe ọwọ́ yàtọ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ohun tí ó yẹ ni kí ìbéèrè kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò nìkan: ìlà mélòó ni ó wọlé, mélòó ni ó ṣófo, ṣé àròpọ̀ ìlú méje bá àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ mu?

Ọ̀rọ̀ òfìfo yìí ní ìtàn ní Ìbàràpá. Ní Ìdèrè, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí sòbìà ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àrùn náà ń dá àgbẹ̀ dúró sílé ní àkókò iṣẹ́ oko. Ìwádìí abúlé dé abúlé tí Nàìjíríà ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1980 ka ènìyàn tí ó ní in tí iye wọn lé ní 650,000. Ogun náà parí: ní 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ẹ̀rí jẹ́ ẹ ní 2013. Ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ẹ̀rí náà ṣe é gbà ni òfin pé kí abúlé máa ròyìn ní oṣooṣù, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹnì kan tí ó ní in. Abúlé tí ó kọ òdo ti wò, kò rí. Abúlé tí kò kọ nǹkan kan, a kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wò. SQL mọ ìyàtọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀ rẹ̀: òfìfo kì í wọ inú ìṣirò àárín, òdo ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń dà kọ ló sábà máa ń fi òdo dí àpótí tí ó ṣófo kí ojú ìwé lè dára wò. Ó ti fi ẹ̀rí èké jẹ́ láìmọ̀.

Àtakò mìíràn ni pé iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é gbójú lé ní ìgbèríko, àti pé òṣìṣẹ́ ìlera kò kọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Ti àkọ́kọ́: dátábéèsì kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. SQLite, tí Richard Hipp gbé jáde ní 2000, wà nínú gbogbo fóònù Android tí a ń gbé kiri ní ọjà Èrúwà, ètò DHIS2 orí fóònù sì lè gba àkọsílẹ̀ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí ó fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá dé. Kódà, ẹni tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò dára ni ó nílò ìbéèrè jù, nítorí pé àròpọ̀ ìlà méje fúyẹ́ láti fà wá ju fáìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà lọ. Ti ìkejì: a kò ní kí gbogbo agbẹ̀bí kọ́ SQL. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ pé kí ó sì ṣe é kà. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin, select, where, group by àti count, ti tó láti dáhùn èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń béèrè lóṣooṣù, ojú ìwé mẹ́wàá sì ti tó láti fi kọ́ ọ.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti àṣírí aláìsàn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Níbí ni mo ti fẹ́ kí òǹkàwé ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ó léwu jù. Fọ́múlà IMPORTDATA lè fa fáìlì CSV wá tààrà, ṣùgbọ́n àfi bí fáìlì náà bá wà ní àdírẹ́sì tí gbogbo ayé lè ṣí. A kò gbọdọ̀ gbé rẹ́jísítà ìbímọ sí irú ibẹ̀. IMPORTRANGE, tí ń fa ojú ìwé kan wọ inú òmíràn, náà ní àléébù: lẹ́yìn tí a bá ti fún un láṣẹ, ẹnikẹ́ni tí ó lè tún ojú ìwé kejì ṣe lè fa apá mìíràn láti inú ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí orúkọ àti fóònù ìyá má kúrò ní orísun láéláé, kí ìbéèrè ṣe àròpọ̀ níbẹ̀, kí iye nìkan jáde. Bí iye kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí abúlé lè mọ ẹni tí ó jẹ́, kí a má gbé e jáde. Dídà-kọ kò lè ṣe èyí, nítorí pé odidi ìlà ni ó ń gbé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí Ìbàràpá nílò kò pọ̀: fáìlì kan tí a gbà pé ó jẹ́ orísun ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tábìlì kan fún orúkọ ìlú àti ilé ìwòsàn, àwọn ìbéèrè díẹ̀ tí a kọ sílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ wọ́n wò. Bí a bá ṣe èyí, alábòójútó ní Ayétẹ̀ àti olùwádìí ní Ìbàdàn tí wọ́n bá béèrè iye ìbejì tàbí iye aboyún tí kò wá fún àyẹ̀wò yóò gba ìdáhùn kan náà. Bí wọn kò bá gbà á, wọ́n á lè ka ìbéèrè náà kí wọ́n sì fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn. Àǹfààní yìí ni ó ń sọ àkọsílẹ̀ di ìmọ̀. Ìlú tí òǹkà ti fún ní orúkọ láyé ní ẹ̀tọ́ sí òǹkà tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò.